Ọmọ Ìgalà Tí Kò Ní Àná

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi. Bámitálẹ̀, gbé ìwé yẹn sílẹ̀ ná. Láti ìrọ̀lẹ́ lo ti ń bá a jà, tí o ń bi mí pé kí ló dé tí Òyìnbó fi ń pe lílọ ní "gó" lónìí, tó bá di àná, á ní "wẹ́ǹtì" ni. Èmi ò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà dé tí bàbá mi fi ní kí n wá máa lé ẹyẹ lóko ìrẹsì. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ tó ń bí ọ nínú yìí gbà là.

— Ta ni, Màmá?

Ìgalà ni.

— Ìgalà kì í lọ sílé ìwé.

Ìtùnú, ta ló ń pa àlọ́ yìí, èmi ni àbí ìwọ?

— Ẹ̀yin ni, Màmá.

Ó dáa. Ẹ yá mi ní etí yín, tí orin bá sì dé, kí ẹ bá mi gbè é.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí igbó ṣì sún mọ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ tí ewé igi ń já bọ́ sínú ọbẹ̀ èèyàn, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gùré. Láyé ìgbà yẹn, èèyàn ń gbọ́ èdè ẹranko, ẹranko náà ń gbọ́ tèèyàn. Ṣùgbọ́n èdè igbó ní ohun kan tó ṣaláìní. Kò ní àná.

— Báwo ni wọn ò ṣe ní í ní àná?

Wọn ò ní in ni. Tí ẹtu bá jẹ ewé láàárọ̀, tí o bá bi í lálẹ́ pé kí ló jẹ, á ní, "Mo ń jẹ ewé." Òjò tó rọ̀ lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀, wọ́n á ní, "Òjò ń rọ̀." Gbogbo ẹran tó bá sì gbọ́ á lọ forí pamọ́ sábẹ́ igi, torí pé ohun tí wọ́n bá sọ nínú igbó, bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Awọ ara wọn á tutù. Wọ́n á máa gbọ́ ìró òjò náà lórí ewé, nígbà tí oòrùn ń ràn gan-an.

Ìyá ìgalà kan wà nínú igbó yẹn, ó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn méjèèjì lọ mumi ní odò Ayọ̀bá. Ìyá tẹrí ba, ó ń mumi. Ọdẹ kan láti Ẹ̀gùré, Ògúnrónbí lorúkọ rẹ̀, wà lẹ́yìn òkúta. Ó yìnbọn. Ìyá ṣubú sínú omi. Ọmọ sá lọ.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ agbo, wọ́n bi í pé, "Ìyá rẹ dà?"

Ó ní, "Ọdẹ ń bọ̀. Ó ń yin ìyá mi níbọn. Ìyá mi ń kú."

Kíá, gbogbo agbo bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ ọdẹ lẹ́yìn wọn. Wọ́n gbọ́ òórùn ẹ̀tù ìbọn. Wọ́n sá títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n fẹ́ jẹun. Ọ̀rọ̀ yẹn tún dìde lọ́kàn ọmọ, ó wúwo, kò lè gbé e mì. Ó la ẹnu. Ẹ gbè é fún mi. Èyí tẹ́ ẹ máa sọ ni "Sáré, sáré."

Ọdẹ ń bọ̀ létí odò
— Sáré, sáré
Ìyá mi ń mumi lọ́wọ́
— Sáré, sáré
Ìbọn ń dún, ilẹ̀ ń mì
— Sáré, sáré
Ìyá mi ń kú, kò kú tán
— Sáré, sáré

Agbo tún sá. Ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá, bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí Ọlọ́run dá, tí oòrùn bá ti pupa, ìbọn kan náà á dún, wọ́n á sì sá. Wọn ò rí oúnjẹ jẹ dáadáa mọ́. Egungun ìhà wọn ń yọ. Àwọn abo tó lóyún ń pàdánù oyún. Ọmọ kékeré méjì ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sáré lórí àpáta.

Bàbá Ìgalà tó jẹ́ olórí agbo wá pè é sábẹ́ igi. Ẹranko tó ti dàgbà ni, ìwo rẹ̀ gùn, irun imú rẹ̀ ti funfun.

Ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ń pa wá."

Ó ní, "Bàbá, mi ò lè dákẹ́. Bí mo bá pa ẹnu dé, inú mi ló ti ń dún."

Bàbá Ìgalà wò ó, ó sì ṣàánú rẹ̀. Ó ní, "Mo fún ọ ní òṣùpá mẹ́ta. Wá ibi tí wàá gbé ohun yìí sí. Tí òṣùpá kẹta bá kú tí kò bá tíì dúró, a ó fi ọ́ sílẹ̀ níbi tí o bá wà. Kì í ṣe pé a kórìíra rẹ."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí agbo fi ìgalà kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú igbó?

— Ẹkùn á jẹ ẹ́.

Kó tó di ọjọ́ kejì.

Ọmọ ìgalà ń rìn káàkiri. Ó rìn dé etí ìlú, níbi tí ilé ìwé Ẹ̀gùré wà. Ilé ìwé náà kì í ṣe ilé ńlá. Ògiri alámọ̀ ni, koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igbó. Láti inú fèrèsé yẹn ni ọmọ ìgalà ti gbọ́ ohùn ọmọ kan tó ń ka ìtàn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ tó ní, "Bí ìjà náà ṣe parí nìyẹn. Ó tán."

Etí rẹ̀ nà ró. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti bí i, kò gbọ́ ohun tó tán rí. Ó gbìyànjú láti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Ó ní, "Ó ń tán. Ó ń tán." Kò wá.

Ìran tirẹ̀ nínú àwọn ìgalà lè bọ́ awọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bọ́ awọ rẹ̀, ó fi pamọ́ sínú ihò ọ̀gán, ó sì di ọmọbìnrin tó tó ọdún mẹ́wàá. Ó yá ìró kan lórí okùn tí ẹnìkan sá aṣọ sí.

— Ó jí i ni?

Ó yá a. Ó dá a padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Tíṣà kan ṣoṣo ló wà nílé ìwé náà, Tíṣà Fálódún, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì há etí bí káfíńtà ṣe ń fi pẹ́ńsùlù há tirẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí ọmọbìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ ìyá mi."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

Ọmọ náà rọra bu ètè jẹ. Bó bá dáhùn, gbogbo ilé ìwé á sá.

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Mi ò ní orúkọ, sà."

Tíṣà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìrì wà níbẹ̀, èso koríko igbó sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dé orúnkún. Kò sí ojú ọ̀nà tó wọ Ẹ̀gùré tó ní irú koríko bẹ́ẹ̀. Ó rí i. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá wa, ó yẹ ká kẹ́ ẹ. Àrìnkẹ́ ni màá máa pè ọ́. Lọ jókòó ti Ọdẹ́wùmí."

Ọdẹ́wùmí sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ tó lawọ́, tó máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ọmọ Ògúnrónbí ọdẹ sì ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún Àrìnkẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Tíṣà ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn. Ó ní, "Ìtàn dà bí èèyàn. Ó ní orí, ó ní ikùn, ó ní ẹsẹ̀. Orí rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n: ta ni, níbo, nígbà wo. Inú ikùn lọ̀rọ̀ wà: kí ló dé bá ẹni náà, kí lòun náà ṣe sí i. Ẹsẹ̀ ni òpin rẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ló fi ń rìn kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ ọ́, tó fi ń lọ bá ẹni tó ń gbọ́ ọ."

Àrìnkẹ́ na ọwọ́ sókè. "Tí kò bá ní ẹsẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Ibi tó wà náà ló máa jókòó sí."

"Títí dìgbà wo?"

Tíṣà yọ ṣọ́ọ̀kì kúrò létí. Ó ti ń kọ́ ọmọ fún ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó bi í ní ìyẹn rí. Ó ní, "Títí ẹnìkan á fi fún un lẹ́sẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni Àrìnkẹ́ ṣe di ọmọ ilé ìwé. Láàárọ̀, èèyàn. Ní ìrọ̀lẹ́, á lọ gbé awọ rẹ̀ wọ̀, á padà sọ́dọ̀ agbo, orin yẹn á tún jáde lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á sì sá. Òṣùpá kìíní kú. Òṣùpá kejì lé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọdẹ́wùmí tú oúnjẹ rẹ̀ lábẹ́ igi. Iṣu sísun ni, àti ẹran gbígbẹ. Ó bù ú sí méjì.

Ó ní, "Gba tìrẹ. Ewé lo máa ń jẹ ṣáá."

Àrìnkẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹran kí nìyí?"

"Ìgalà ni. Bàbá mi ló pa á nínú ẹ̀ẹ̀rùn, létí odò Ayọ̀bá. Èyí tó kù lórí àjà nìyẹn."

— Màmá, ìyá rẹ̀ nìyẹn?

Ìyá rẹ̀ ni.

Àrìnkẹ́ na ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Kó gbogbo rẹ̀ fún mi." Ọdẹ́wùmí kó o fún un. Àrìnkẹ́ kúnlẹ̀, ó fi ìka gbẹ́ ilẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi bó. Ó tẹ́ ewé tútù sínú ihò náà, ó gbé ẹran náà lé e, ó bò ó, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọdẹ́wùmí dúró tì í. Kò yé e, ṣùgbọ́n ohun kan nínú bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe tẹrí ba ni kò jẹ́ kó bèèrè. Òun náà kúnlẹ̀.

Àrìnkẹ́ sá wọgbó lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kò yẹ kó padà wá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ó tún wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ọdẹ, nítorí pé ohun tó wá kọ́ kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òṣùpá kẹta kú. Tíṣà ní kí olúkúlùkù kọ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lédè Òyìnbó. Ẹnìkan kọ nípa ewúrẹ́ wọn tó jẹ aṣọ àlejò. Ẹlòmíràn kọ bí òun ṣe já bọ́ lórí igi ọsàn. Ó kan Àrìnkẹ́. Ó dìde, ó di síléètì rẹ̀ mú, ó ń kà á. Ọdẹ kọ́ọ̀mù, ìyẹn ni pé ó ń bọ̀; ìyá rẹ̀ dáì, ìyẹn ni pé ó ń kú. Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, bí èdè igbó ṣe kọ́ ọ, láìsí àná níbẹ̀.

Bó ṣe pe "kọ́ọ̀mù," koríko orí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Òórùn ẹ̀tù wọlé. Gbogbo ọmọ gbọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin kan lẹ́yìn ògiri, ẹsẹ̀ tó ń yọ́ rìn, tó ń sún mọ́ wọn. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó kan ẹsẹ̀ wọn, ó tutù. Bó ṣe pe "dáì," ìbọn dún. Ọdẹ́wùmí ti wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Àwọn tó wà nítòsí fèrèsé ti fò jáde.

Tíṣà Fálódún nìkan ló dúró. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, ó wo ilẹ̀: ó gbẹ táútáú.

Ó rọra ní, "Àrìnkẹ́, ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"

Ó ní, "Ó ń ṣẹlẹ̀, sà."

"Ojoojúmọ́?"

"Ojoojúmọ́."

Tíṣà ní kí àwọn ọmọ yòókù máa lọ sílé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà, ó sì gba síléètì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Nínú èdè tiwa, tí nǹkan bá ti kọjá, a lè fi 'ti' kékeré kan síwájú rẹ̀. Ó ti lọ. Ó ti kú. Èdè Òyìnbó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ara ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yí padà. Òmíràn, ìrù kékeré ni wọ́n ń so mọ́ ọn." Ó fi ṣọ́ọ̀kì so ìrù mọ́ "dáì," ó di "dáìdì." "Òmíràn, inú rẹ̀ nìkan ló ń yí." Ó pa "kọ́ọ̀mù" rẹ́, ó kọ "kéèmù." "Àwọn kan sì wà tí wọn kì í gba ìrù rárá. Gbogbo awọ ara wọn ni wọ́n ń bọ́. Gó ló bọ́ awọ tó di wẹ́ǹtì."

Àrìnkẹ́ gbé ojú sókè. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ, èyí ló yé e jù.

Ó ní, "Sà, awọ tó bọ́ yẹn, kí ló ń ṣe é?"

"Ó wà níbi tó wà. Tó bá di ọ̀la, a ṣì máa lò ó. Ṣùgbọ́n ohun tó lọ lánàá ti lọ."

Ọmọ náà wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Tí mo bá so ìrù yẹn mọ́ ọn, ìyá mi á kú tán. Ní báyìí, ó ń kú, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Ṣé kì í ṣe èmi ni màá pa á?"

Tíṣà Fálódún ń fọwọ́ nu ẹ̀gbẹ́ síléètì.

Ó ní, "Ìyàwó mi kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń bu oúnjẹ tirẹ̀ kalẹ̀. Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé ó kú. Gbogbo ohun tí mò ń rí sì ni ibùsùn tó fi ṣàìsàn, lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí mo jókòó tí mo kọ lẹ́tà sí àwọn ará ilé rẹ̀, tí mo kọ ọ́ pé ó kú, mo sunkún débi pé lẹ́tà náà tutù. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rántí bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rántí rẹ̀ látọdún tó ṣáájú. Kò ráyè wọlé ni, torí pé ikú rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà."

Ó wá dá síléètì padà fún un. Ó ní, "Ìtàn rẹ kò sì ní orí. Ọdẹ lo fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó kú. Ta ni ìyá rẹ?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù, iṣẹ́ tí Àrìnkẹ́ ṣe nìyẹn. Ó ń wá orí ìtàn náà. Ní ọjọ́ kìíní, ó kọ pé ìyá òun ní àmì funfun kan lábẹ́ ọrùn. Ó so ìrù mọ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ. Kí ó tó gbé ọwọ́ kúrò, ó rí àmì náà, ó rí i kedere, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ó kọ òmíràn: ìyá òun máa ń lá òun létí nígbà òjò. Òórùn ewé tútù kún ilé ìwé. Tíṣà tó ń ka ìwé lórí àga gbé ojú sókè. Gbólóhùn kan lóòjọ́. Gbogbo ohun tó kọ sínú àná ń padà wá bá a, ó sì ń dúró níbi tí ó gbé e sí.

Kìkì ikùn ìtàn náà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò lè kọ. Ìrọ̀lẹ́ tó bá ti dé, agbo ṣì ń sá.

Òṣùpá kẹta di bí èékánná. Ọ̀la ni yóò kú. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni ilé ìwé fẹ́ gba ìsinmi, gbogbo òbí sì wá jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé ìwé láti gbọ́ ohun tí ọmọ wọn kọ́. Ògúnrónbí náà wá, ó gbé ìbọn rẹ̀ sí àárín ẹsẹ̀, bí àwọn ọdẹ ìgbà náà ṣe máa ń ṣe.

Tíṣà pe Àrìnkẹ́. Nítorí pé àwọn òbí ò gbọ́ Òyìnbó, ó ní kí Ọdẹ́wùmí dúró tì í, kó máa túmọ̀ rẹ̀.

Àrìnkẹ́ kò mú síléètì dání. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ọdẹ́wùmí ń túmọ̀.

"Ní ọdún yìí, nínú igbó Ẹ̀gùré, ìyá kan wà. Ó ní àmì funfun lábẹ́ ọrùn. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹ ṣóńṣó ewé. Ó lá mi létí nígbà tí òjò rọ̀."

Ìgbà yẹn ni obìnrin kan lára àwọn òbí fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀, tó sì tọ́ka sí igbó láìsọ̀rọ̀.

Wọ́n ti jáde. Ìgalà ti tò sí etí igbó, Bàbá Ìgalà ló wà níwájú. Ẹtu wà lẹ́yìn wọn, ọ̀yà wà nínú koríko, ẹfọ̀n dúró bí ògiri dúdú. Igi kún fún ẹyẹ, kò sì sí ẹyẹ kan tó ké. Àwọn ọdẹ mẹ́rin ló wà lábẹ́ igi yẹn pẹ̀lú ìbọn, kò sẹ́ni tó gbé tirẹ̀. Ọwọ́ wọn wúwo. Ẹ̀rù ba gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kúrò.

Àrìnkẹ́ dé inú ikùn ìtàn. Oòrùn ti ń pupa.

"A lọ mumi ní odò Ayọ̀bá. Ọdẹ kan wá."

Kéèmù ló pè é. Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́wùmí ṣe túmọ̀ rẹ̀: ọdẹ kan wá. Etí gbogbo ìgalà gbọ̀n. Ẹsẹ̀ wọn múra. Wọ́n tẹ́tí sí ìró ẹsẹ̀ ọdẹ, wọn ò gbọ́ ọ.

"Ó farapamọ́ sẹ́yìn òkúta. Ó yìnbọn nígbà tí ìyá mi ń mumi."

Ohùn Ọdẹ́wùmí já. Ó wo bàbá rẹ̀. Ó rántí ẹran gbígbẹ yẹn, ó rántí ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ilẹ̀. Ó wá yé e. Àrìnkẹ́ na ọwọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó dúró dè é. Ọdẹ́wùmí nu ojú, ó sì túmọ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀, kò fo ọ̀kan.

Kò sí ìbọn tó dún.

Àrìnkẹ́ mí kanlẹ̀. Ó sọ ọ́ lédè Òyìnbó, ó so ìrù rẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, kò dúró de ògbufọ̀. Ó yíjú sí igbó, ó sì sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ní ohùn tí àwọn ará rẹ̀ máa gbọ́:

"Ìyá mi ti kú."

Ẹ̀yin ọmọ, irú ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ inú igbó rí láti ọjọ́ tí igbó ti wà. Afẹ́fẹ́ dúró. Ewé dúró. Omi bọ́ lójú Bàbá Ìgalà. Gbogbo agbo kígbe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, igbe ọ̀fọ̀ tó yẹ kí wọ́n ti ké láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tí wọn ò ráyè ké nítorí pé sísá ni wọ́n ń sá. Lẹ́yìn náà ni orí wọn wálẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko níwájú gbogbo ìlú, ní ìrọ̀lẹ́, láìsí ẹni tó lé wọn.

Ògúnrónbí dìde. Ó fi ìbọn sílẹ̀ níbi tó jókòó sí. Ó rìn lọ bá ọmọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ilẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé.

Ó ní, "Èmi ni."

Àrìnkẹ́ ní, "Mo mọ̀, sà."

"O mọ̀, o sì ń jókòó ti ọmọ mi?"

"Ọmọ yín kọ́ ló yìnbọn."

Ọdẹ náà ní, "Mi ò lè dá a padà. Iṣẹ́ ọdẹ ni mo mọ̀, òun náà ni mo fi ń bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹran tó bá tẹrí ba láti mumi, n kò ní yìn ín mọ́, ọdẹ Ẹ̀gùré kankan ò sì ní yìn ín níṣojú mi."

Àwọn ọdẹ mẹ́ta yòókù ní àwọn gbà.

Àrìnkẹ́ kò sọ pé òun dárí jì í. Kò sì sọ pé òun ò ní dárí jì í. Ó ní, "Mo gbọ́, sà." Ó lọ kí Tíṣà Fálódún, ó kúnlẹ̀ fún un. Tíṣà gbé e dìde. Tíṣà ń gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Àrìnkẹ́ dì mọ́ Ọdẹ́wùmí, wọ́n pẹ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá lọ síbi ọ̀gán níṣojú gbogbo wọn, ó gbé awọ rẹ̀ wọ̀, ó sì di ìgalà. Àmì funfun kan wà lábẹ́ ọrùn rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo. Àwọn àgbà ṣí fìlà.

Láti ọjọ́ yẹn, tí oòrùn bá ti ń wọ̀, agbo á pé yí i ká, á sì máa sọ ìtàn fún wọn, èyí tó ti kọjá, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èyí tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ìgalà, tó bá ń sá, tó máa ń dúró díẹ̀, tó máa ń bojú wẹ̀yìn. Ó ń wò ó bóyá ewu náà ṣì wà, àbí ó ti di àná.

— Màmá, Ọdẹ́wùmí ńkọ́?

Ó di tíṣà nílé ìwé yẹn nígbà tí Tíṣà Fálódún darúgbó.

Ẹ gbọ́ ohun tí àlọ́ mi ń kọ́ wa. Ohun tó bá dun èèyàn, kó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má fi ìrora nìkan bẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ kí a mọ ẹni tó fẹ́ràn. Ohun tó bá sì ti kọjá, kó fún un láyè kó kọjá. Bó ṣe ń fi ọkàn ẹni balẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì ń fi ọkàn àwọn tó yí wa ká balẹ̀.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì gbé e kalẹ̀ sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí orúkọ àwọn ọmọ ọmọ mi há mi lọ́fun nígbà tí mo bá fẹ́ pè wọ́n. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ: Ìtùnú.

— Màmá.

Bámitálẹ̀.

— Màmá.

Kò há mi lọ́fun. Ẹ dìde, ẹ ká ẹní.